Ihò Méjì, Wáyà Kan

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán o, àmọ́ òórùn dísù ò kúrò lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi ti ní kí n má fi ọwọ́ yẹn kan búrẹ́dì ẹnikẹ́ni. Iná ò sí, ilé gbóná, oorun ò wá, ni mo bá ní kí n kọ ohun tójú mi rí lónìí sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ nípa ẹ̀.

Maṣíìnì elẹ́ńjìnnì kan la lọ háyà láàárọ̀, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò tí wọ́n ń wọ́ kiri, dísù ló ń mu, òun fúnra ẹ̀ ló sì ń pèsè iná tá a fi ń jó irin. Iṣẹ́ mẹ́ta ló délẹ̀, kò sì sí èyí tó ní iná NEPA gidi nínú wọn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe wẹ́dà nílùú Iléṣà yìí, àmọ́ orí kọ́ìlì ni mo gbọ́n sí, èyí tí àwọn ará wa ń ká fúnra wọn tí wọ́n ń rì bọ inú ọ́ìlì. Tí iná ìyẹn bá kéré, wàá yọ púlọ́ọ̀gì nínú ihò kan, wàá kì í bọ òmíràn, ó parí. Èyí tá a gbé lónìí, bọ́tìnnì ojú ẹ̀ pọ̀ ju ti mọ́tò lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ dùn. Ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún ni, báàkẹ́ẹ̀tì katapílà kan ló ya létí ibi tí eyín ẹ̀ wà. Mo wo ọ́ìlì, mo wo omi rédíétọ̀, mo rí i pé orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ló dúró sí, mo ta á, mo jẹ́ kó gbóná díẹ̀ kí n tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ̀. A tú orí bàtìrì katapílà, a gbá ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, mọ́ báàkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, kì í ṣe mọ́ ara katapílà o. Ibi tí àwọn míì ti ń jẹ gbèsè nìyẹn, torí iná gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà sílé, tó bá jẹ́ inú pínnì àti bíárìn ló gbà, á jó wọn níbẹ̀, ẹ ó wá tún ọ̀kan ṣe kẹ́ ẹ ba méjì jẹ́. Mo yí bọ́tìnnì sí stick, ìyẹn ibi tí áńpíà ti máa ń dúró sójú kan bí ọwọ́ èèyàn tiẹ̀ ń gbọ̀n, mo ki wáyà họ́dà tó ń di ọ̀pá ìjórin mú bọ ihò pọ́sítífù, ẹ́ẹ̀tì bọ nẹ́gẹ́tífù. Ọ̀pá ìjórin 7018 ni mo lò, gauge 10, áńpíà 120. Inú ike tí mo dé pa ni mo kó o sí láti ilé, torí 7018 kì í fẹ́ kan omi rárá, ọ̀rinrin ara ẹ̀ ló ń wọnú irin lọ tí irin á fi sán lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wẹ́dà ti gbowó lọ. A fi iná gáàsì yá báàkẹ́ẹ̀tì náà, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń ṣàn bí omi ni, síláàgì, èépá orí ẹ̀, ń ṣí fúnra ẹ̀. Mo ní áà, kí ni mo ti ń fi ayé mi ṣe látọjọ́ yìí.

Ìgbéraga yẹn ni mo gbé dé iṣẹ́ kejì.

Ìyá kan ní Ìṣọ́kun ló fẹ́ ká jó ẹsẹ̀ irin tí wọ́n máa gbé táńkì omi lé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀, mo bá ní kí n lo wáyà tí oògùn wà nínú ikùn ẹ̀, tí ò nílò gáàsì, torí gáàsì lójú afẹ́fẹ́, owó tó ń fò lọ ni. Mo mọ̀ pé irú iná tí stick ń jẹ kọ́ ni wáyà ń jẹ, fóòtéèjì ló gbọ́dọ̀ dúró sójú kan fún òun, kí áńpíà máa tẹ̀ lé bí wáyà ṣe ń yára jáde, mo sì yí bọ́tìnnì síbẹ̀, inú mi tiẹ̀ dùn pé mo rántí. Mo tẹ ìbọn ẹ̀. Tàtàtàtà! Ó ń ta bí ìgbà tí omi kán sínú epo gbígbóná, ojú ibi tí mo jó wá kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná fọwọ́ bà.

Mo dín fóòtéèjì. Mo fi kún un. Mo yí ìyára wáyà sókè sódò. Mo bú afẹ́fẹ́, mo bú ẹni tó ta wáyà fún mi, mo tú ẹ́ẹ̀tì mo tún un gbá, mo fi filing machine ha ojú irin títí ó fi ń dán. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì ń mu dísù mi lásán, ìyá náà ti gbé àga jáde, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bíi sinimá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wá sún mọ́ mi jẹ́jẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o, wọ́n kọ DC sára páálí wáyà yìí, wọ́n wá fa ìlà kékeré kan síwájú ẹ̀. Ṣé ìyọkúrò nìyẹn àbí wọ́n kàn fa ìlà?"

Mo bojú wo ihò. Bí mo ṣe ki í nídìí katapílà náà ni mo tún ṣe ki í níbí, ọwọ́ ló mọ ọ̀nà, orí ò sí níbẹ̀. Wọ́n máa ń ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, èmi Ìjẹ̀ṣà yìí ò rídìí ihò méjì. A pa ẹ́ńjìnnì, mo yí wọn padà, ìbọn bọ nẹ́gẹ́tífù bí ìlà yẹn ṣe wí, ẹ́ẹ̀tì bọ pọ́sítífù, bí mo ṣe tún tẹ̀ ẹ́ báyìí, ariwo ẹ̀ rọ̀, ó dọ́gba, bí òjò tí ò ní ìjì lórí páànù.

Mo ti ń rò ó látìgbà tí mo ti délé pé kí ló dé tí n ò wo ibẹ̀ ṣáájú. Kọ́ìlì ló bà mí jẹ́ jàre. Iná kọ́ìlì ò lójú kan, ó ń lọ ó ń bọ̀ ni, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó o bá gbé wáyà họ́dà síbi ti ẹ́ẹ̀tì, tó o gbé ti ẹ́ẹ̀tì síbi ti họ́dà, bákan náà ni. Gbogbo ogún ọdún yẹn, ẹ̀kọ́ pé ihò ò já mọ́ nǹkan kan ni mo ń kọ́. Iná maṣíìnì yìí, ìyẹn DC tí wọ́n kọ sára páálí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà.

Iṣẹ́ kẹta ò gba àkókò, páìpù stainless ilé búrẹ́dì kan ni, TIG la fi ṣe é, ìyẹn èyí tó ń fi abẹ́rẹ́ tungsten jó irin. Ìta la fi ẹ́ńjìnnì sí torí èéfín, a wọ́ wáyà wọlé, a dá bọ́tìnnì padà sí ẹ̀gbẹ́ ti stick torí irú iná kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ, áńpíà 70, gáàsì ágọ́ọ̀nì lítà 8 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nẹ́gẹ́tífù náà ni ti ìbọn ẹ̀. Tó bá jẹ́ pọ́sítífù ni, abẹ́rẹ́ tungsten yẹn ni ì bá gba èyí tó pọ̀ jù nínú ooru, orí ẹ̀ á yọ́ róbótó kí páìpù tó mọ̀ pé iná dé. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ki wáyà. Mo kàn dúró, mo ń wò ó. Nígbà tá a ṣe tán mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 5 láìjó nǹkan kan, kó tutù, kí n tó pa á.

Ìyá Ìṣọ́kun ò tíì san owó wa tán sha. Wọ́n ní ibi tí mo kọ́kọ́ jó tí mo tún fi filing machine gé kúrò yẹn, àwọn rí i, àwọn á kọ́kọ́ gbé omi lé e wò fún ọ̀sẹ̀ kan ná. Èmi tí bàbá bàbá mi ta aṣọ òṣómàáló dé òkè ọya! Mo ti sọ fún wọn pé tí mo bá dé ní Sátidé, kí wọ́n má yọra wọn lẹ́nu àga gbígbé, màá lóṣòó.