Ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ: Olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba

Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ìbejì ni mo jókòó tì lálẹ́ àná. Mo ń kọ ọ́ lọ gẹ́rẹ́ títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ bàbá, iṣẹ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Kẹ́yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Mọ́mì, ẹ fi nọ́ńbà wọn sí i. Mo ṣì mọ̀ ọ́n sórí." Ó sì kà á lóòótọ́, láti orí òdo dé ìparí, kò kọsẹ̀. Mo ní kó lọ bá mi wo ìkòkò lórí iná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti gba bàbá wọn lọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀fọ̀ náà ṣì tutù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi jù ni pé Kristẹni kì í ṣọ̀fọ̀ bí àwọn tí kò nírètí, kí n nu ojú mi nù. Mo mọ ẹsẹ náà, inú lẹ́tà kìn-ín-ní sí àwọn ará Tẹsalóníkà ló wà. Pọ́ọ̀lù kò ní ká má ṣọ̀fọ̀ o. Jésù fúnra rẹ̀ sọkún lójú ọ̀nà ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun máa tó jí i. Ẹ jẹ́ kí opó sunkún.

Lówùúrọ̀ yìí ni mo rántí ohun tí òní jẹ́. Ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, ni Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta wa yìí. Ọdún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, ìlú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sáré wá sílé pé kí wọ́n máa sá lọ, ó sì padà sójú ìjà. Ọmọ náà kò rí i mọ́. Ìgbà tó yá ló gbọ́ pé ó ti kú sógun mìíràn. Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lóru, nígbà tí wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, òun ti fẹ́ fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn, àyà òun ni kò gbà á. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn Potogí, ó sì kó wọn lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone.

Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ kò fi fojú kanra. Nígbà tí wọ́n pàdé, ìyá ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn, omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti gbẹ. Ó ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é pè é, ìyá àgbà tó ti kú sóko ẹrú. Ẹsẹ tó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú àlùmánáàkì Àjàyí ni Sáàmù 10:14, "Ìwọ ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba." Ó kọ ọ́ pé òun kò mọ agbára ẹsẹ náà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó dì mí mú nìyẹn. Ìyá padà, bàbá kò padà, ìyá àgbà kò padà. Ẹni tí ibojì ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń dúpẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì wá fi Bíbélì sí èdè wa, kí èmi tó lè ka ẹsẹ yìí lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣófo. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá ní oṣù Kejì ọdún 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, nítorí Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Lọ́sàn-án ni màámi, ìyá ọkọ mi, dé pẹ̀lú gàrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Táyé lọ gba ẹrù lórí wọn. Wọ́n wo iwájú orí rẹ̀, iwájú orí bàbá rẹ̀ gan-an ni, wọ́n sì pè é ní "Àkànní." Oríkì bàbá rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Táyé dá wọn lóhùn, "Ẹ̀ẹ́n, Màámi." Èmi àti wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì," wọn kò sì sọ nǹkan mìíràn. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. A pẹ́ níbẹ̀.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà tán. Mo kọ orúkọ bàbá wọn ní kíkún, mo kọ "olóògbé" síwájú rẹ̀, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Níbi nọ́ńbà fóònù, ti màámi ni mo kọ. Mo ń gbọ́ Kẹ́yìn ní yàrá báyìí, ó ń kọ́ ọ sórí.