Fèrèsé òkè, fèrèsé oòrùn

Ìkéré-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Bí a bá fẹ́ wo òkè Olósùnta, a ó kàn jáde síta ni. Kò sẹ́ni tó torí rẹ̀ fi fèrèsé sára ilé. Ìdí nìyẹn tí màámi fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé ilẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi rà ní Colorado Springs, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gọbọi, nítorí pé a ó máa rí òkè láti inú pálọ̀. "Ẹ sanwó òkè?"

Pikes Peak ni òkè ọ̀hún. Ó ga ju 4,300 mítà lọ. Mo ní kí ayàwòrán ilé wa fi gíláàsì kún gbogbo ògiri tó bá kọjú sí i. Obìnrin náà kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní kí n lọ dúró lórí ilẹ̀ náà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nínú oṣù keje.

Mo lọ. N kò lè la ojú. Ìwọ̀-oòrùn ni òkè wà, ibẹ̀ náà ni oòrùn ń wọ̀ sí, ó sì ti rẹlẹ̀ débi pé kò sí òrùlé tó lè dí i. Ẹni tó bá fi gíláàsì kún ibẹ̀, ààrò ló kọ́.

Gúúsù ni oòrùn ti ń ṣe ilé láǹfààní níbí. Ó pẹ́ kó tó yé mi, torí oòrùn ọ̀sán tí èmi mọ̀, àtàrí ló ń pa èèyàn. Níbí, lọ́sàn-án oṣù kejìlá, ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ló ń gbà kọjá ní gúúsù, á wọ inú ilé wá títí dé ẹsẹ̀ àga. Tó bá di oṣù kẹfà, ó ti gòkè. Nítorí náà, bí òrùlé bá yọ síta díẹ̀ lórí fèrèsé gúúsù, á dí oòrùn ìgbà ooru, á sì jẹ́ kí ti ìgbà òtútù wọlé. A kò tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì: ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló ń gba ooru náà sára lọ́sàn-án, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lálẹ́. Òkè gba fèrèsé kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ, pẹ̀lú ìbòjú tí a fi kọ́ síta, kì í ṣe sínú.

Páànù la fi bo orí ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, páànù! Iná igbó Waldo Canyon jó ilé 346 ní ìlú yìí lọ́dún 2012, ẹ̀ta iná kò sì ríbi wọ̀ lára páànù.

Àṣìṣe tèmi ni ti ilé ìdáná. Wọ́n dí gbogbo ihò ara ilé pa kí òtútù má baà wọlé, wọ́n wá fi ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ tuntun láti ìta pààrọ̀ ti inú ilé. Mo ní kí wọ́n fi fáànù kékeré sórí sítóòfù, kí owó lè dínkù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ din ata pẹ̀lú irú, gbogbo wa la ń húkọ́, àní ọmọ tó wà ní yàrá òkè. Lọ́jọ́ kejì, òórùn irú ṣì wà lára pílò mi.

Màámi dé lóṣù keje. Òjò ṣú, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù gbàgbàgbà, wọ́n sì sáré gbé báàfù sábẹ́ òrùlé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kí ọdún 2016 tó dé, ọ̀pọ̀ onílé ní ìpínlẹ̀ yìí kò láṣẹ láti gbe omi òjò rárá, torí àwọn tí odò ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ wọn nísàlẹ̀ ló ni ín. Pé àgbá méjì péré ni òfin gbà wá láàyè báyìí, àpapọ̀ méjèèjì kò sì gbọdọ̀ gbà ju gálọ́ọ̀nù 110 lọ.

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé àgbá lo rí lọ́wọ́ mi ni?"