Ẹ Gba Ìwé Iṣẹ́ Abẹ Yín Kí Ẹ Tó Pinnu: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Oyún Kejì

Ẹ̀yin ìyá tí wọ́n ti ṣe CS, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde, fún lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ti tún lóyún, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí, nítorí mo mọ ìbéèrè tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn: ṣé kí ẹ dá ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ mìíràn ni, àbí kí ẹ gbìyànjú láti bí ọmọ yìí fúnra yín? Gbogbo ènìyàn ló ní ìdáhùn sí i. Ìyá ọkọ ní tirẹ̀, wòlíì ní tirẹ̀, àwọn tí a jọ ń ṣe ìpàdé obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn, wọ́n á sì máa gbàdúrà pé bí àwọn obìnrin Hébérù ni a ó ṣe bí. Ojú ọgbẹ́ mi kò tíì jinná tán bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le níbì kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé kí ẹ má pinnu ohunkóhun títí ẹ ó fi mọ bí wọ́n ṣe gé ilé ọmọ yín nígbà àkọ́kọ́.

Ilé ọmọ ni mo sọ, n kò sọ awọ ikùn. Àpá tèmi wà ní ìsàlẹ̀ ikùn, ní ìdábùú, níbi tí pátá ń bò mọ́lẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì rí i ló ń sọ pé wọ́n gé mi dáadáa. Àpá ara kò lè sọ ti inú. Dókítà lè gé awọ ní ìdábùú, kí ó dé ilé ọmọ kí ó sì gé e ní òòró lọ sókè, bí oyún kò bá tíì tó oṣù tí ìsàlẹ̀ ilé ọmọ kò sì tíì fẹ̀, tàbí bí ọmọ bá dábùú, tàbí bí ìju tí wọ́n ń pè ní fibroid bá dí ojú ibẹ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì pọ̀ púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdábùú ni wọ́n gé ilé ọmọ nísàlẹ̀, nínú nǹkan bí 200 obìnrin tí ìrọbí bá mú fúnra rẹ̀, ẹyọ kan ni àpá náà máa ń ya mọ́ lára, nǹkan bí 72 sí 75 nínú 100 tó bá sì gbìyànjú ló máa ń bí fúnra wọn. Bí ó bá jẹ́ òòró, ewu yíya náà lè tó 2 sí 9 nínú 100, àwọn dókítà kì í sì í fẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rọbí rárá.

Oṣù keje ni oyún àkọ́kọ́ mi wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru sọ mí dèrò yàrá iṣẹ́ abẹ, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ìlú tí a ń gbé nígbà náà ní Òkè-Ògùn. Wọ́n kọ “CS” àti ọjọ́ rẹ̀ sí káàdì mi, ó parí síbẹ̀. Nígbà tí mo tún lóyún, a ti kó wá sí Ìbàdàn, mo sì fẹ́ láti bí fúnra mi, kì í ṣe nítorí ẹnu ayé nìkan. Mo fẹ́ bí mẹ́rin, dókítà sì ti ṣàlàyé fún mi pé bí iṣẹ́ abẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i: bí ibi ọmọ bá jókòó sí ìsàlẹ̀ ilé ọmọ, kí ó wọ inú àpá kí ó má ṣeé yọ lè tó 11 nínú 100 ní iṣẹ́ abẹ kejì, kí ó sì tó 40 nínú 100 ní ẹ̀kẹta. Dókítà yìí kan náà ló ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún mi títí òun ó fi rí ìwé tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ kọ.

Ìyà tí ìwé yẹn fi jẹ wá kò kéré. Wọ́n ní fáìlì kò sí, wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ sí òde òkú, wọ́n ní kí la fẹ́ fi ṣe, àbí ẹjọ́ la fẹ́ pè? Ọkọ mi kò dẹ́kun lílọ, títí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà ojú ewé kan fún un. Òòró ni wọ́n gé mi. Dókítà dá ọjọ́ fún mi ní ọ̀sẹ̀ 37, kí ìrọbí má baà ṣáájú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní a ti fi ìwé rọ́pò ìgbàgbọ́.

Ìrọbí ṣáájú. Òru ni, ọkọ mi kò sí nílé, aládùúgbò wa ló wà wá dé ilé ìwòsàn. Fáìlì mi wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò ní dé àfi òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí wo àpá ikùn mi, ó fọwọ́ wò mí, ó ní, “Ẹ ti ṣí dáadáa, ìyá. Àpá yín dára, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti dàgbà. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú, ẹ ó bí i wẹ́rẹ́.” Ìyá ọkọ mi wólẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó ń dúpẹ́. Kí n má purọ́, inú èmi náà dùn sí i fún ìgbà díẹ̀, nítorí ohun tí mo ti ń fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni obìnrin yìí gbé fún mi. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá rọlẹ̀, ìrora kan ṣì ń bẹ lábẹ́ àpá tí kì í rọlẹ̀, ó ń ta mí bí ẹni ń fi iná jó mi. Mo ní kí wọ́n gbé báàgì mi wá. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi báàgì sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ mímí. Mo pariwo. Ìyá ọkọ mi ní, “Ìyàwó mi, má bá wọn jà, ọwọ́ wọn la wà.” Àárín aṣọ ọmọ ni ìwé yẹn wà, nínú ọ̀rá, mo fà á yọ, mo sì nà án sí dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń kọjá. Ó kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà. Ó bi wọ́n pé, “Ta ló ní kí ìyá yìí máa rọbí?” Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Èyí tó kù yá kíákíá: mo buwọ́ lùwé, wọ́n wá ẹ̀jẹ̀, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ọmọ ké. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú àpá inú ti fẹ́lẹ́ débi pé òun rí irun orí ọmọ láti ìta kí òun tó gé e. Ọmọ gba ọmú, a lọ sílé.

Nítorí náà, ẹ gba ìwé yín. Ẹ má dúró di ìgbà tí oyún bá wọ oṣù kẹjọ. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, nígbà tí ẹni tó gé yín ṣì mọ̀ yín. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ibi tí wọ́n gé ilé ọmọ, àti bóyá ó ya kọjá ibẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù yín àti ti ọkọ yín, nítorí fáìlì tí wọ́n tì mọ́ yàrá kò lè gba ẹnikẹ́ni lóru. Kí àpá ìdábùú má sì tàn yín. Èmi náà ní in.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mò ń ta ko bíbí fúnra ẹni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọ rẹ̀ kejì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn CS, àmọ́ òun mọ̀ pé ìdábùú ni tirẹ̀, ibi tí yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí ló sì ti bí i, kì í ṣe ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn yóò ti fún un ní àgbo tàbí oògùn tí yóò lé ìrọbí yára, èyí tó lè ya àpá. N kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ẹni tí a bá ti gé lẹ́ẹ̀kan, gígé ni títí láé. Dókítà Edwin Cragin ní New York ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní 1916, nígbà tí ó jẹ́ pé òòró ni wọ́n sábà máa ń gé ilé ọmọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gé e náà ni. Nọ́ọ̀sì òru yẹn kì í sì í ṣe ọ̀tá mi. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló fi ṣiṣẹ́, àpá ara nìkan ló sì rí.

Bí ilé ìwòsàn yín bá ti kógbá wọlé, tàbí tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀, ẹ wá dókítà tó ṣe é fúnra rẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ sọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún dókítà tuntun: iye oṣù tí oyún jẹ́, bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀, bóyá ẹ ti rọbí pẹ́ kí wọ́n tó gé yín. Ẹni tí oyún rẹ̀ pé oṣù, tó rọbí títí tí ọmọ kò sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé ṣe jù pé ìdábùú nísàlẹ̀ ni wọ́n gé e, dókítà sì lè gbà kí ó gbìyànjú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kò sí. Ẹni tí wọ́n gbé ọmọ oṣù keje fún bí tèmi, kí ó tẹnu mọ́ oṣù yẹn, kódà bí wọn kò bá béèrè.