Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Àkúrẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lálẹ́

Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ilé wa ti ń jókòó ronú kí ẹnikẹ́ni tó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Lítà epo tí kò ju nǹkan bí 200 náírà lọ nígbà náà sáré kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000. Bàálé mi ń gbé mọ́tò náà lọ sóko kòkó ní Ìdànrè, ìyẹn kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ní tèmi, ibi tí ẹsẹ̀ bá lè gbé mi dé láàárín ìlú, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ. Bó bá jìnnà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ìrìn yìí ti fi Àkúrẹ́ kan hàn mí tí fèrèsé mọ́tò kì í fi hàn. Ọ̀nà Arákàlẹ̀ ni mo gbà láàárọ̀ yìí. Orí gọ́tà ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fi kọnkéré bò ó, àwọn oníṣòwò ti tẹ́ ọjà sí i: bàtà òkìrìká, ike omi, aṣọ ọmọdé, iṣu. N kò lè bá wọn jà, owó ṣọ́ọ̀bù ti wọ́n, ọmọ wọn náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Níbi tí kò bá sí kọnkéré, ihò ló wà, tí èèyàn á fi bọ́ sójú títì láti yẹ̀ ẹ́. Ojú títì náà sì rèé, ọ̀kadà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tákísí ń já èrò sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ ra nǹkan sì ti gbé mọ́tò rẹ̀ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù gbọnrangandan. Gbogbo wọn ni ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ yà fún. Kò sí ẹni tó ń yà fún ẹlẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo dé títì Ọba Adésídà, mo bá màmá àgbàlagbà kan létí ọ̀nà, ó di àpò nínú ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di aṣọ rẹ̀ mú.

“Ọmọ mi, mo ti pẹ́ níbí o. Wọn ò dúró.”

“Ẹ jẹ́ ká jọ kọjá, mà.”

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo na ọwọ́ kejì sókè sí oníkẹ̀kẹ́ kan. Ọmọ náà rọra dúró, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Jíìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá ń fun fèrè bí ẹni pé a jalè. A sọdá apá kan, a dúró láàárín, a tún sọdá apá kejì. Bí a ṣe débẹ̀, màmá ní, “Olúwa á máa bá ọ sọdá.” Mo ṣe àmín, mà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe títì nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn.

Inú mi kò dùn rárá bí mo ṣe ń lọ. Ìlú tí ìyá àgbà kò lè dá sọdá ọ̀nà rẹ̀ kó lọ ra tàtàṣé, mọ́tò ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe èèyàn. Èyí kì í sì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Èèyàn ló jókòó tó pinnu ẹ̀. Ọ̀nà reluwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá lọ sí ilẹ̀ Hausa. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Lọ́rì ló wá di ẹsẹ̀ fún kòkó Oǹdó, Ìdànrè àti Àkúrẹ́, òun náà ló sì di ẹsẹ̀ fún èèyàn. Títí di òní olónìí, kò sí ibùdó reluwé kan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tí ẹnikẹ́ni bá ní àwa ará ibí kàn fẹ́ràn mọ́tò lásán ni, mo fẹ́ kó rántí èyí. Mọ́tò nìkan ni wọ́n gbé síwájú wa, òun náà la sì mú.

Fóònù mi ló gbé mi jáde nílé gan-an. Bátìrì rẹ̀ wú débi pé ẹ̀yìn fóònù náà ti ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún un ṣe fún mi ní Arákàlẹ̀ gbà á tìṣọ́ratìṣọ́ra.

“Àǹtí, ẹ má tẹ ibí yìí mọ́ o. Ó lè gbiná.”

Ó fi ooru rọ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa, ó ki irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi í yí etí fóònù náà ká díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́. Nígbà ayé Nokia 3310, èékánná la fi ń ṣí ẹ̀yìn fóònù. Bí bátìrì bá ti gbó, ọmọ tí a rán níṣẹ́ á ra òmíràn bọ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe fóònù ayé òde òní sọ pé torí kó lè tẹ́ẹ́rẹ́, kí omi má sì tètè wọ inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ pa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èrè ta ló wà nínú kí fóònù tí ojú rẹ̀ kò fọ́, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, di àkísà nítorí bátìrì? Olùkọ́ ni mí. Owó oṣù mi ni mo fi ra fóònù yìí, mo sì fẹ́ lò ó títí yóò fi gbó nítòótọ́.

Bí mo ṣe ń retí rẹ̀, mo ní kó mú ṣájà kan fún mi. Kò bi mí irú fóònù tí mò ń lò, ẹnu Type-C kan náà ni gbogbo wọn ń lò báyìí. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣé a rántí àpótí ilé wa tó kún fún oríṣiríṣi ṣájà tí ẹnu wọn kò bára mu? Kì í ṣe pé àánú wa ṣe àwọn iléeṣẹ́ náà. Òfin ló mú wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2024, ẹnu kan náà ni fóònù tuntun tí wọ́n bá máa tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní. Apple pàápàá, tó ti ń lo ẹnu tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti 2012, yí i padà lórí iPhone 15 ní 2023. Òfin mìíràn tún ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ 18 oṣù kejì 2027, pé kí ẹni tó ra nǹkan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì inú rẹ̀, kó sì fi òmíràn sí i. Àyè àyọsílẹ̀ wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ òfin ni.

Ẹ wò ó, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí nílẹ̀ òyìnbó lọ́hùn-ún rìn títí dé orí tábìlì onífóònù ní Arákàlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà tó wà níwájú tábìlì yẹn gan-an, tí wọ́n ti kọ láti 1999, kò tíì rìn dé ibẹ̀.

Ó wà nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa, ní Àfikún Kẹrin. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀: ọjà, gáréèjì, títì àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà, títí dórí ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi kékeré àti bárò. Àwọn títì ńlá lè wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n inú àdúgbò ni púpọ̀ nínú ìrìn wa ti ń wáyé, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé mi ti ń ṣubú sínú gọ́tà nígbà òjò.

Ní ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn ọkùnrin bíi márùn-ún ń jà lórí ìdìbò 2027. Ẹni tí yóò bá Tinubu du ipò, ẹni tó fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, ohun tí sẹ́nétọ̀ kan sọ ní Àbújá lánàá. Wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ ní kíkún, fídíò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù yìí?” Gbogbo wọn dákẹ́.

“Àǹtí, ta ló ń wá kánsílọ̀?” ọmọ onífóònù ló dáhùn, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Mo sọ fún un pé èmi ń wá a. Ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní 2025 ni wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, APC ló sì gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà kankan má di í mú. A jó, a yọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ta ló tọ owó yẹn lẹ́sẹ̀ láti bi í pé níbo lò ń lọ?

Èrò mi nìyí, mo sì dúró lórí rẹ̀. Mọ́tò àti fóònù ń ṣe ohun kan náà sí wa. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, tó yí gíláàsì sókè, kì í rí gọ́tà. Ẹni tó tẹjú mọ́ fóònù, Àbújá ló ń rí, kì í rí gọ́tà náà. Wọ́n tún fi owó kún un fún wa: ní oṣù kìn-ín-ní 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, gbà kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó ìpè àti dátà, a sì ń san án kí a lè máa wo ìjà àwọn tí kò mọ̀ pé Arákàlẹ̀ wà láyé.

Nígbà tí bàálé mi dé láti oko, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn kò gbà pẹ̀lú mi tán.

“Ìyá Tóbi, ṣé kánsílọ̀ ló máa dín owó epo kù? Ṣé kánsílọ̀ ló máa tún ojú náírà ṣe? Àbújá lọ̀rọ̀ wà.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ níbẹ̀ yẹn, mo sì gbà fún wọn. Àbújá ló ni epo àti náírà. Bí àìsàn bá sì gbé ọmọ dè lóru, kò sí kẹ̀kẹ́ kankan, mọ́tò wa yìí náà ni a ó dúpẹ́ pé a ní. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a tà á. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ariwo nìkan ni mo lè pa lórí owó epo títí di 2027, ṣùgbọ́n ẹni tó ni gọ́tà ń gbé nínú wọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú wa, èmi àti ẹ̀yin lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní kí n mú bírò wá.

A ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìpàdé ẹgbẹ́ onílé lọ́la: kọnkéré lórí gọ́tà láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé dé ìta gbangba, ilà funfun tí àwọn ọmọ á máa gbà sọdá, àti ibi tí kẹ̀kẹ́ á máa yà sí láti já èrò. Bàálé mi ló fi ẹ̀kẹta yẹn kún un. Wọ́n tún ní kí a bẹ àwọn ìyálọ́jà kí wọ́n jọ bá wa dé ibẹ̀, torí bí wọ́n bá kàn lé àwọn oníṣòwò kúrò lórí gọ́tà láìfún wọn ní ibòmíràn, wọ́n á padà kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyá Ìbejì ojúlé kejì ní àwọn mọ ilé kánsílọ̀. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àti èmi á kọ́kọ́ dé ibẹ̀.