Ẹ ka orí kí ẹ tó ka owó

Bí ìròyìn bá ti gbé e pé olùdíje kan l'Amẹ́ríkà ti kó mílíọ̀nù báyìí-báyìí jọ, ẹnu á ya gbogbo ayé. Èèyàn mélòó ló dá a? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn.

Ní sáà 2025 sí 2026, òfin àpapọ̀ ò gbà kí ẹnì kan fún olùdíje ní ju dọ́là 3,500 lọ fún ìbò kan. Ìdìbò abẹ́lé lọ́tọ̀, ìdìbò gbogbogbò lọ́tọ̀. Èèyàn 300 tó san án pé pérépéré, dọ́là 1,050,000 nìyẹn. Èèyàn 30,000 tó mú dọ́là 35 wá, iye kan náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn 300 yẹn ti san tiwọn tán, wọn ò lè fi sẹ́ǹtì kan kún un mọ́ fún ìbò yẹn. Àwọn 30,000 ṣì lè padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì ti yọ owó lápò ara rẹ̀ fún olùdíje, ó ṣòro kó tó jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò.

Ẹ wo ìdìbò ààrẹ ọdún 2016. Dọ́là 27 ni Bernie Sanders ń kéde kiri gẹ́gẹ́ bí ìpíndọ́gba ìdáwó tirẹ̀. Jeb Bush ní tiẹ̀, ẹgbẹ́ Super PAC tó ń tì í lẹ́yìn (irú ẹgbẹ́ tó lè gba owó láìníye, àmọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kó o fún olùdíje) ti kó ohun tó ju mílíọ̀nù 100 dọ́là jọ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Oṣù Kejì ọdún náà ni Bush jáwọ́.

Ọ̀fẹ́ ni ìwé ìṣirò owó àwọn olùdíje wà lórí ìkànnì FEC, àjọ tó ń bójú tó owó ìdìbò àpapọ̀ l'Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù 3 ni ti àwọn tó ń du ilé aṣòfin. Ẹ kọ́kọ́ wá ìlà 13(a), owó tí olùdíje fúnra rẹ̀ yá ìpolongo rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kì í ṣe ìfẹ́ aráàlú. Lẹ́yìn náà, ìlà 11(a)(i) ni ti àwọn tí àpapọ̀ owó wọn ti kọjá dọ́là 200: orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ hàn. Ìlà 11(a)(ii) ni ti àwọn kéékèèké.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Tíṣà tó ń dá dọ́là 25 lóṣooṣù, tó bá dá ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ó ti di 225, ìdáwó yẹn á sì bọ́ sí 11(a)(i), láàárín àwọn olówó. Nítorí náà, ẹ má fi ìlà nìkan pín wọn. Ẹ to orúkọ wọn bí owó wọn ṣe tó, kí ẹ sì wo iṣẹ́ tí wọ́n kọ. Bó bá jẹ́ lọ́ọ́yà àti ọ̀gá báǹkì ló kún ibẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì àtàwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ìyàtọ̀ á hàn lójú ẹsẹ̀.

Àdírẹ́sì náà ńkọ́? Lọ́dún 2020, Jaime Harrison kó mílíọ̀nù 57 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta péré láti du ìjókòó sẹ́nétọ̀ ní South Carolina. Ọ̀pọ̀ nínú owó ọ̀hún rọ́ wọlé láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ọ̀dọ̀ àwọn tó kórìíra Lindsey Graham, sẹ́nétọ̀ tó wà lórí ìjókòó náà. Wọ́n lè dáwó, wọn ò lè dìbò níbẹ̀. Graham fi nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀.

Orí gan-an, wọ́n ń rà á. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ Republican ní ẹni tó bá fẹ́ dórí pèpéle ìjiyàn àkọ́kọ́ àwọn tó ń du ìpò ààrẹ gbọ́dọ̀ ní olùdáwó 40,000, ó kéré tán 200 láti ìpínlẹ̀ 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Doug Burgum, olówó tabua tó wà lára àwọn olùdíje náà, ní kí èèyàn mú dọ́là 1 wá kó gba káàdì ẹ̀bùn dọ́là 20. Ó dórí pèpéle náà lóòótọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó ti jáwọ́, ẹnikẹ́ni ò tí ì dìbò kankan.