Ṣé Sọ́ńdè ni òní?

Nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹta ni wọn ò ti jẹ́ kí àlejò wọlé mọ́. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mọ̀lẹ́bí ń dúró sí, wọ́n á máa juwọ́, wọ́n á máa fi fóònù sọ̀rọ̀. Ìyá òyìnbó kan wà níbẹ̀, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Tẹ́lẹ̀, gbogbo Sọ́ńdè ni ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń gbé kéèkì wá fún un. Nígbà tí ọmọ ò wá mọ́, ọjọ́ dàrú mọ́ ọn lójú. Àràárọ̀ tí mo bá ń bá a dé bọ́tìnì ẹ̀wù, á ní, "Ṣé Sọ́ńdè ni òní?"

Ìbàdàn ni màmá tèmi wà. Ọ̀yọ́ ò há ará ìlú mọ́lé tọ̀sán-tòru bíi ti Èkó. Láti aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má rìn. Àyà mi ń já, mo pè wọ́n, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde o." Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Ìwọ ọmọ yìí, orúnkún mi ti kéde kónílé-ó-gbélé fún mi kí ti ìjọba tó dé." Ẹnu ọ̀nà náà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, àwọn ọmọ-ọmọ ń sáré yí wọn ká. Bí ẹlẹ́kọ bá ti polówó kọjá, wọ́n ti mọ ohun tí aago wí.

Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì lọ́jọ́ há mọ́ lọ́wọ́. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta yẹn kan náà, Kòrónà wá gùn ún lé. Ó di oṣù kejìlá kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọdún àṣekágbá rẹ̀ ni. Ó ní, "Àǹtí mi, oorun ọ̀sán ti sú mi." Kí ni mo fẹ́ fèsì? Ọmọ tèmi níhìn-ín ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó tún ń ráhùn.

Èmi ò ráyè ka ọjọ́ ní tèmi. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ti fẹ́ parí: bó bá ti di aago mẹ́jọ, àwọn ará àdúgbò á jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún àwa òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn kan á máa lu ìkòkò. Ó dùn mọ́ mi, n ò ní purọ́, àmọ́ wọn kì í fi àtẹ́wọ́ san owó ilé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ti rẹ̀ mí, ìyá yẹn tún béèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Sọ́ńdè ni. Ó yíjú sí fèrèsé, ó wò ó títí. "Ọmọ mi ò wá nìyẹn?"