Ọdún tí mo ríṣẹ́ oòrùn

Ọdún ń lọ o. Tí wọ́n bá ní kí n ka ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kìíní, ká sòótọ́, mi ò rántí púpọ̀, nǹkan kan ló gba gbogbo ọdún yìí mọ́ mi lọ́wọ́: mo ríṣẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látìgbà tí mo ti fi Cotonou sílẹ̀ padà sí Kétu wa ní Benin níbí, ẹ mọ bó ṣe rí lára mi.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ oòrùn, ìyẹn iṣẹ́ iná tí wọ́n ń fi oòrùn ṣe, ni mo ní mo fẹ́, iṣẹ́ tó máa dín èéfín kù, mi ò sì wá òmíì. Àmọ́ ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú ìkéde iṣẹ́ yẹn ṣì ń bí mi nínú di òní: ìrírí ọdún márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, kéèyàn sì máa gbé Cotonou. Ẹ jọ̀ọ́, oṣù keje 2022 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná oòrùn ńlá àkọ́kọ́ ilẹ̀ wa, ní Illoulofin, Pobè tó wà nítòsí wa níbí, mẹ́gáwáàtì 25, ibo lọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí ti fẹ́ rí ọdún márùn-ún yẹn mú wá?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbin tòmátì lọ̀nà ti là. Láti 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wọlé, wọ́n gógó lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ elépo fa omi sóko á ta tòmátì tán, epo á ti kó èrè lọ. Mo wá ń bá wọn ṣírò ohun tí pọ́ǹpù oòrùn máa ná wọn, mo ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, títí àgbẹ̀ kan fi sọ fún ilé iṣẹ́ kan pé "ọmọbìnrin kan mà wà ní Kétu o". Wọn ò tiẹ̀ béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá wọn ní kí ló dé tí pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 kì í fún wa ní 400 lọ́sàn-án oṣù kẹta. Mo ní níbi tí wọ́n ti ṣe é, ìwọ̀n ooru 25 lórí Celsius ni wọ́n fi dán an wò, tiwa lè gbóná dé 60, bó ṣe ń gbóná ló sì ń dín kù, ìwọ̀n kan tó bá lé sí i ń mú bíi 0.4 nínú 100 lọ, ó ti lé ní 50 wáàtì tó lọ yẹn, a ò tíì dórí eruku ọyẹ́ o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n Pobè, ẹ ṣé fún kọ̀ǹpútà.

Bàá mi... kpayo ni wọ́n ń tà, ẹ mọ̀, ìgò wọn ò kúrò lẹ́bàá títì láti kékeré mi, owó epo yẹn ló rán mi lọ yunifásítì lọ kọ́ iná oòrùn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo ríṣẹ́, wọ́n ní, "Ṣé oòrùn náà máa ń tà láwìn?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò dúró gba owó oṣù àkọ́kọ́ mi. Mo ti mọ aṣọ tí mo fẹ́ rà fún wọn... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó epo ló jẹun jù níbi ìnáwó ìsìnkú wọn, tó bá jẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀ ni, ìwé gbèsè ì bá ti jáde!

Kóńtírà mi máa parí lóṣù kẹfà, bóyá wọ́n á fi kún un, mi ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ ọgbà àwọn ìyá wa ní Idigny ló kàn, foráàsì, ìyẹn kànga ẹ̀rọ, wà, pánẹ́ẹ̀lì ti dé, a ò ra bátìrì torí omi la máa fi pamọ́, kì í ṣe iná, pọ́ǹpù á fà á sínú táǹkì lọ́sàn-án, àwọn ìyá á fi bomi rin ẹ̀fọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ irin tí táǹkì máa jókòó lé ló kù. Ẹni tó bá mọ jórinjórin tó mọṣẹ́ lápá ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ sí mi kí ọyẹ́ tó tán.